Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn: àwọn ewu tó lè yọjú, àti bí ará ilé ṣe lè tètè dá wọn mọ̀

Aago méjì òru ni fóònù mi dún. Ọmọbìnrin kan ni, tí mo tọ́jú ìyá rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú pé mo pè lóru. Màámi ò sùn. Orí ń fọ́ wọn bí ẹni pé ó fẹ́ là, àmọ́ tí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀ báyìí, á lọ. Aṣọ ẹ̀yìn wọn sì tutù. A rò pé òógùn ni, torí kò síná." Mo ní kó fọwọ́ kan ibi tó tutù, kó wo àwọ̀ rẹ̀, kó sì gbóòórùn rẹ̀. "Ó mọ́ bí omi ẹ̀rọ, mà. Kò rùn." Mo ní kí wọ́n dá ìyá dùbúlẹ̀ gbalaja, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó jókòó mọ́, kí wọ́n wá ọkọ̀ tó lè gbé e wá ní ìdùbúlẹ̀. Omi tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká ló ń jò.

Ìyá náà yè. Wọ́n rán ibi tó ya, ó sì ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ìsọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì rèé tí aṣọ ti ń tutù kí ọmọ tó pè mí. Kì í ṣe pé kò bìkítà. Ìwé tí a fún wọn nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, orúkọ oògùn mẹ́rin àti ọjọ́ ìpadàwá nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé omi lè jò láti ẹ̀yìn. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Àwa lè ṣọ́ aláìsàn fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Ará ilé ló máa ṣọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta. Ohun tó sì yẹ kí ará ilé mọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni èyí tó lè dúró di ọ̀la, àti èyí tí kò gbọdọ̀ dúró di kí ilẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe gan-an

Eegun ẹ̀yìn wa gun ara wọn lérí láti ọrùn dé ìdí. Ihò wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí wọ́n ṣe tò léra, àwọn ihò náà di ọ̀nà kan ṣoṣo bíi páìpù. Inú ọ̀nà yìí ni iṣan ìmọ̀lára tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń gbà. Bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, eegun á nípọn, okùn tó so wọ́n pọ̀ á wú, ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun á yọ síta, ọ̀nà á sì fún. Ẹni tó bá ṣe á rìn láti ilé dé oríta, ẹsẹ̀ méjèèjì á wúwo, ìdí á máa ta á. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ògiri, tàbí tó jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹni tó ń tajà létí títì, ara á tù ú. Mo ti rí ẹni tó mu agbo jẹ̀díjẹ̀dí fún ọdún márùn-ún, mo rí ẹni tí wọ́n ní làkúrègbé ló ń ṣe é, kí wọ́n tó ya àwòrán MRI, èyí tí ẹ̀rọ fi ń ya inú ara.

Iṣẹ́ abẹ tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n gé òrùlé eegun tó bo ọ̀nà náà kúrò, kí àyè lè gba iṣan. Laminectomy ni wọ́n ń pè é. Tí eegun kan bá ń yọ̀ kúrò lórí èkejì, oníṣẹ́ abẹ lè fi súkúrúù àti ọ̀pá irin dè wọ́n, kí wọ́n lè jọ di eegun kan. Kó tó dọjọ́ náà, ẹ bi í léèrè: "Dókítà, ṣé ẹ kàn máa là á sílẹ̀ ni, àbí ẹ máa dè é?" Ewu méjèèjì ò dọ́gba. Ìwádìí kan tó jáde ní 2010 lórí àwọn àgbàlagbà tí Medicare, ètò ìlera ìjọba, ń sanwó ìtọ́jú wọn ní Amẹ́ríkà rí i pé nínú àwọn tí wọ́n là á sílẹ̀ nìkan fún, ìṣòro tó lè gbẹ̀mí bá bíi 2 nínú 100; nínú àwọn tí wọ́n ṣe ìdè tó díjú fún, ó lé ní 5 nínú 100. Ní 2016, àwọn oníwádìí ní Sweden fi hàn pé àwọn tí wọ́n dè pẹ̀lú lílà kò sàn ju àwọn tí wọ́n là nìkan lọ. Èmi ò sọ pé irin ò dára o. Àwọn kan wà tí eegun wọn ń yọ̀ débi pé láìdè é, kò ní dúró. Ẹ ṣáà béèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ dè é, kí ẹ sì jẹ́ kó yé yín kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Ẹ tún béèrè ohun tí iṣẹ́ abẹ náà máa mú kúrò. Ìrora ẹsẹ̀ àti àìlèrìn jìnnà ló máa ń gbọ́ jù. Ẹ̀yìn dídùn lè má lọ tán. Ẹsẹ̀ tó ti kú tipẹ́tipẹ́ lè gba oṣù púpọ̀ kó tó mọ nǹkan lára padà, nígbà mìíràn kì í padà bọ̀ sípò tán. Ẹni tó bá ti mọ èyí ṣáájú kò ní rò pé wọ́n ti ba òun jẹ́ nígbà tó bá jí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì kú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún dókítà

Ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú ọ̀rá kan, kí ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Aspirin, clopidogrel àti warfarin máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dì. Dókítà ló máa sọ ọjọ́ tí ẹ máa dáwọ́ rẹ̀ dúró, ẹ má dá a dúró fúnra yín, nítorí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò dáa lè kàgbákò bó bá kàn já a jù sílẹ̀. Agbo náà wà lára oògùn. Ẹ sọ ọ́, ojú ò tì yín. Sìgá àti ásáà ńkọ́? Tábà máa ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dé ojú egbò, ó sì máa ń jẹ́ kí eegun tí wọ́n dè kọ̀ láti so pọ̀. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, kí ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ṣúgà tó ga ni oúnjẹ kòkòrò àrùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Wákàtí 24 àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ni kí ẹ máa wò

Inú ibi tí wọ́n là, ẹ̀jẹ̀ lè ṣì máa sun. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí rọ́bà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde sínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn. Tí ẹ̀jẹ̀ bá kóra jọ tí kò rọ́nà jáde, á tẹ iṣan mọ́lẹ̀ padà. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n òun ló máa ń bà mí lẹ́rù jù lọ́jọ́ kìíní, nítorí wákàtí ni wọ́n fi ń ka àkókò rẹ̀. Bí wọ́n bá tètè tún un ṣí, tí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ náà kúrò, ẹsẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, ó lè má padà.

Nọ́ọ̀sì á máa yẹ ẹsẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lè ṣe é. Ẹ ní kí aláìsàn fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè síhà ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ ní kó tẹ ọwọ́ yín bí ẹni ń tẹ búrékì mọ́tò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì. Ẹ kọ aago rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ẹ tún un ṣe. Tí ìrora bá ń le sí i lójijì láìka oògùn sí, tí ẹsẹ̀ tó ń gbéra tẹ́lẹ̀ bá di aláìlágbára, tàbí tí ibi tó kú bá ń tàn kálẹ̀, ẹ pe nọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ ṣe pàtàkì. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé "ara Bàbá ò yá." Ọ̀rọ̀ yẹn là ń gbọ́ láti ibùsùn gbogbo. Ẹ sọ pé: "Ní aago 6, Bàbá ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Aago 10 nìyí, wọn ò lè gbé e mọ́." Kò sí dókítà tó máa gbọ́ gbólóhùn yẹn kó máa sùn lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ dúró de ìgbà tí wọ́n bá ń yí wọ́ọ̀dù ká láàárọ̀, ẹ rọra tún un sọ, kí ẹ béèrè dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ má kúrò níbẹ̀.

Ohun kan tó ṣọ̀wọ́n gan-an: aláìsàn tí wọ́n dá dojú bolẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ ní tíátà lè jí kó sọ pé òun ò ríran dáadáa. Ẹ má ní oògùn oorun ló ń ṣe é. Ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ìtọ̀ àti ìdí, bó tilẹ̀ tì yín lójú

Níbi tí ẹ̀yìn bá ti ń sún mọ́ ìbàdí, okùn ńlá inú ọ̀pá ẹ̀yìn ti parí. Ohun tó kù nísàlẹ̀ ni ìdì iṣan tó tú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é, cauda equina, ìrù ẹṣin gan-an ló túmọ̀ sí. Àwọn iṣan yìí ló ń darí ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ìmọ̀lára abẹ́. Tí nǹkan bá tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìbáà ṣe ẹ̀jẹ̀ ìbáà ṣe wíwú, àmì rẹ̀ kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ ìrora. Ibi tó máa kan ìjókòó kẹ̀kẹ́ tí èèyàn bá gùn ún ló máa kú: ìdí, àárín itan, ojú ara. Ìtọ̀ á kọ̀ láti wá, tàbí kó máa jò láìmọ̀. Ìgbẹ́ lè bọ́ sára.

Àwọn àgbà wa kì í sọ èyí. Ìyá á fi ìrépé aṣọ sídìí, á dákẹ́. Ọmọ ló gbọ́dọ̀ béèrè, kó sì béèrè é ní ìkọ̀kọ̀, ọmọbìnrin fún ìyá, ọmọkùnrin fún bàbá bó bá ṣeé ṣe. "Màámi, tí ẹ bá ń nu ìdí, ṣé ẹ ń mọ̀ ọ́n lára bíi tàná?" Ìbéèrè kan péré, láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ilé ìwòsàn lóru yẹn ni, èyí tó ní MRI àti oníṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn, kì í ṣe kẹ́míìsì àdúgbò.

Ti ìtọ̀ nìkan, ó ní ìṣirò tirẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ rọ́bà ìtọ̀, ó yẹ kí aláìsàn tọ̀ láàárín wákàtí 6 sí 8. Tí kò bá tọ̀, tí abẹ́ ìdodo sì le, tó ń fún un, ẹ má máa gbé omi fún un sí i. Nígbà mìíràn oògùn ìrora ló fà á. Nígbà mìíràn, fún bàbá àgbà, kókó tó wà nídìí àpò ìtọ̀ ọkùnrin ló ti wú tẹ́lẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, dókítà ló máa yà á sọ́tọ̀. Ìtọ̀ tó ń kán tó, tó, tó kò túmọ̀ sí pé ó ń tọ̀ o. Ó lè jẹ́ pé àpò ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Omi tó mọ́, orí tó ń fọ́ nígbà ìjókòó

Awọ kan tó tín-ín-rín ló di omi tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká mọ́ra. Nínú ẹni tí ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀ ti fún tipẹ́, awọ náà máa ń lẹ̀ mọ́ eegun, ó sì lè ya bí oníṣẹ́ abẹ ṣe ń gé eegun kúrò. Kì í ṣe àìmọṣẹ́ ló sábà máa ń fà á. Nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní SPORT, awọ náà ya fún bíi 9 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Ọ̀pọ̀ jù lọ ni wọ́n rán lójú ẹsẹ̀ tí kò sì dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà lẹ́yìn iṣẹ́: "Ṣé awọ ya?" Bó bá ya, wọ́n lè ní kí aláìsàn dùbúlẹ̀ gbalaja fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Nílé, àmì mẹ́ta ni kí ẹ fi sọ́kàn. Orí tó ń fọ́ tí aláìsàn bá jókòó tàbí tó dìde, tó sì ń rọlẹ̀ tó bá dùbúlẹ̀. Omi mímọ́ gaara tó ń rin plásítà tàbí aṣọ. Kókó rírọ̀ tó ń yọ lábẹ́ awọ ojú abẹ, tó ń le sí i tí aláìsàn bá wúkọ́. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ dá a dùbúlẹ̀, kí ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Tí ibà, ọrùn líle, tàbí kí ìmọ́lẹ̀ máa dun ojú rẹ̀ bá kún un, àrùn lè ti wọ inú awọ ọpọlọ, ìyẹn kì í dúró rárá. Ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà. Ọkọ̀ tí wọ́n lè ká ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n tẹ́ fóòmù síbẹ̀, ló dáa bí kò bá sí áńbúláǹsì. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, 999, Amẹ́ríkà, 911.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ojú egbò

Láràárọ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ fi fóònù ya fọ́tò ojú abẹ. Ibì kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà. Aláìsàn ò lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀, ojú ẹni tó ń wò ó lójoojúmọ́ sì máa ń mọ́ ọn lára débi pé kò ní rí ìyàtọ̀. Fọ́tò ọjọ́ kẹta àti ti ọjọ́ kẹwàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á sọ òótọ́. Lára dúdú wa, pípọ́n kì í hàn kedere bó ṣe ń hàn lára òyìnbó. Ẹ máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àyíká rẹ̀, ẹ wò bóyá ó gbóná ju ara tó kù lọ, bóyá ó ń dán, bóyá ó le.

Yíyún díẹ̀ kò burú. Àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ kékeré lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò burú. Ohun tó burú ni ọyún, òórùn, ojú egbò tó ń là, ibà tó dé 38°C, àti ìrora tó ti ń lọ tó wá yí padà ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí kẹta tó ń le sí i. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn èèyàn kì í kà sí. Àrùn lè wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun tàbí lára irin, kí awọ òkè ti dì dáadáa. Aláìsàn á kàn máa sọ pé ẹ̀yìn ń ro òun lóru, oúnjẹ ò wù ú, ara rẹ̀ ń gbóná lálẹ́. Wọ́n á ní ibà ẹ̀fọn ni, wọ́n á ra oògùn ibà. Ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún kò tíì pé oṣù mẹ́ta, kí ibà rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ti ojú abẹ títí dókítà á fi sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ bẹ̀ yín lórí nǹkan kan. Ẹ má ṣí kápúsù sórí egbò. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́jú egbò orúnkún wa nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ẹ má fi òrí, àdín, róòbù tàbí omi agbo sí i. Ẹ má fi táwẹ́lì gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń wọ́ra fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Kànìnkànìn kò gbọdọ̀ débẹ̀ títí wọ́n á fi yọ okùn rírán, èyí tó sábà máa ń jẹ́ láàárín ọjọ́ 10 sí 14.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹsẹ̀ wíwú àti èémí

Ẹni tó bá sùn sójú kan pẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ìdì ẹ̀jẹ̀ náà bá já, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ẹ wo ẹsẹ̀ méjèèjì papọ̀: bí ọ̀kan bá wú ju èkejì lọ, tó gbóná, tó ń dun ún lẹ́yìn ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ẹ má sì wọ́ ọ. Bí èémí bá ń kúrú lójijì, tí àyà ń dùn tó bá ń mí, tàbí tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, pàjáwìrì ni. Ohun tó ń dènà rẹ̀ ni dídìde rìn láti ọjọ́ kìíní tàbí èkejì, bí dókítà bá ti gbà bẹ́ẹ̀. Rírìn níwọ̀nba nínú ilé, nígbà mẹ́rin, márùn-ún lójúmọ́, sàn ju rírìn gígùn lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé òbí lọ sí Íńdíà fún iṣẹ́ yìí, ẹ béèrè iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ lò kó tó wọ bàálù, nítorí wákàtí púpọ̀ lórí ìjókòó wà lára ohun tó ń dì ẹ̀jẹ̀. Ẹ sì gba àwòrán MRI, ìwé iṣẹ́ abẹ, àti orúkọ irú irin tí wọ́n lò bọ̀ wálé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìrora, oògùn, ikùn

Parasitamọ́ọ̀lù ni kí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn: fún àgbàlagbà, kò gbọdọ̀ ju hóró mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 mg lọ láàárín wákàtí 24, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò dáa tàbí tó rù gan-an kò gbọdọ̀ lo tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra, nítorí oògùn òtútù náà máa ń ní in nínú. Àwọn oògùn bí ibuprofen àti diclofenac lè pa kíndìnrín àti ikùn lára, pàápàá fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má rà á láìbéèrè. Tramadol máa ń fa òòyì, ó sì máa ń dí ìdí. Ìgbẹ́ tó le débi pé aláìsàn ń fi agbára tì í, ẹ̀yìn ló máa gbé ìyà rẹ̀. Omi, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ, ọsàn, àti oògùn ìyàgbẹ́ tí dókítà kọ, láti ọjọ́ kìíní. Ṣáláńgá àti ìlóṣòó kò yẹ ẹ́. Ẹ wá àga tí wọ́n gbẹ́ ihò sí.

Àwọn nǹkan tí a kì í kà sí iṣẹ́ nínú ilé Yorùbá ló máa ń ba ojú abẹ jẹ́: ìgbálẹ̀ ọwọ́ tó ń múni bẹ̀rẹ̀, aṣọ fífọ̀ nínú bàsíà, kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25, ọmọ-ọmọ tí wọ́n fẹ́ pọ̀n. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ó má gbé ohun tó ju bíi kílò 4 lọ. Kí ó kírun lórí àga. Tí àlejò bá dé, kí ìyá má kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni; ẹ̀yin ọmọ ni kí ẹ sọ ọ́ fún àlejò, nítorí ìyá ò ní lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Sílípáàsì náà ń sọ̀rọ̀. Bàbá kan wà tí sílípáàsì ń bọ́ lẹ́sẹ̀ òsì rẹ̀ tí kò mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣà á lẹ́yìn rẹ̀, ó rò pé sílípáàsì ti tóbi jù. Ẹsẹ̀ tí kò lè gbé ọmọ ìka sókè ni. Iṣan lè farapa nígbà iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ máa ń sàn pẹ̀lú oṣù àti fisiotẹ́rápì, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ tuntun, kí oníṣẹ́ abẹ rí i lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Àgbà tó ń sọ̀rọ̀ rú

Ní alẹ́ kejì tàbí ìkẹta, àgbàlagbà lè bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ti kú, kó fa plásítà, kó ní wọ́n fẹ́ pa òun. Ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í wá wòlíì. Ó sábà máa ń jẹ́ oògùn ìrora, àìsùn, omi ara tó gbẹ, ìtọ̀ tó kún, tàbí àrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún wa. Ẹ fún wọn ní awò ojú wọn, ẹ tan iná, kí ẹnìkan tí wọ́n mọ̀ jókòó tì wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ gbà á níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọrùn ni wọ́n ṣe

Tí wọ́n bá gba iwájú ọrùn wọlé, ohùn lè há, gbígbé oúnjẹ mì lè ṣòro fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọrùn bá ń wú tí èémí ń ṣòro, ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń kà á, ẹ sáré. Àwọn kan wà tí apá kan á kọ̀ láti gòkè ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, tí ìyá ò ní lè wé gèlè mọ́. Ó sábà máa ń padà, bó tilẹ̀ gba oṣù. Kí dókítà kàn mọ̀ nípa rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Oṣù àti ọdún tó ń bọ̀

Àwọn ewu kan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé. Eegun tí wọ́n dè lè kọ̀ láti so, súkúrúù lè tú tàbí kó ṣẹ́. Ìrora tuntun tó ń dé tó bá ń yí padà lórí ibùsùn ló máa fi hàn. Eegun òkè tàbí ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n dè lè tètè gbó, nítorí òun ló ń ṣe iṣẹ́ ibi tí kò lè mì mọ́. Ibi tí wọn ò dè náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ọ̀nà lè tún fún padà. Nínú ìwádìí SPORT tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, bíi 13 nínú 100 ni wọ́n tún ṣiṣẹ́ abẹ fún láàárín ọdún mẹ́rin. Nígbà tó fi di ọdún kẹjọ, ó ti di 18. Àwọn kan sì wà tí ìrora wọn kò lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán dára. Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n ń pa. Dókítà ìrora àti fisiotẹ́rápì ni ọ̀nà wọn, kí wọ́n sì ronú dáadáa kí wọ́n tó gbà kí wọ́n tún là á, nítorí iṣẹ́ kejì máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ, awọ sì máa ń tètè ya.

Níbo ni kí ẹ gbé e lọ bí nǹkan bá yọjú? Ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é ni ó dára jù. Bí kò bá ṣeé ṣe, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn ni: UCH ní Ìbàdàn, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní 1962, tàbí ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì l'Ékòó, tàbí ilé ìwòsàn ńlá mìíràn tó ní oníṣẹ́ abẹ rẹ̀.

Báàgì kan ni kí ẹ so mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ kó ìwé iṣẹ́ abẹ sínú rẹ̀, àwòrán MRI, orúkọ gbogbo oògùn, káàdì ilé ìwòsàn, ṣájà fóònù, ìró méjì, àti owó ọkọ̀. Lójú ìwé kan tí ẹ máa lẹ̀ mọ́ ara báàgì náà, ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ nọ́ńbà wọ́ọ̀dù, nọ́ńbà dókítà, nọ́ńbà aládùúgbò tó ní mọ́tò tó sì lè jí lóru.